Igbó Ọ̀ṣun Kì í Ṣe Ibi Ìran Lásán



Bí oṣù Kẹjọ bá ti ń súnmọ́, ọ̀pọ̀ òbí a máa béèrè lọ́wọ́ àwa babaláwo pé ibo ni àwọn lè mú ọmọ lọ ní Òṣogbo àti agbègbè rẹ̀, kí wọ́n lè fi ẹsẹ̀ rìn, kí wọ́n sì fojú rí ogún tí àwọn baba wa fi sílẹ̀. Ìdáhùn ìbéèrè yìí kò le. Igbó Ọ̀ṣun wà nínú Òṣogbo gan-an. Bí a bá kọrí sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, a ó dé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi Olúmirin ti ń já láti orí òkè ní ipele méje. Bí a bá kọrí sí Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn wà níbẹ̀, Òkè Ìtasẹ̀ tí gbogbo babaláwo ń wárí fún sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá le dáadáa lè tẹ̀síwájú dé Ìdánrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, kí ó gun àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600.

Ibi tí a ó lọ kò ṣòro láti mọ̀. Bí a ó ṣe lọ ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn àgbà sì ti sọ pé bí a bá ṣe rìn ni à ń ko ni. Nítorí náà, igbó Ọ̀ṣun nìkan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, nítorí òun ni ọ̀ràn rẹ̀ ń fẹ́ ìkánjú jù.

Àwọn ará wa kan wà, olóòótọ́ ènìyàn sì ni wọ́n, tí wọ́n ń sọ pé kí a ti igbó náà mọ́ àlejò pátápátá. Wọ́n ní ẹni tí kò bọ òrìṣà kò ní ohun tí ó ń wá ní ojúbọ. Àwọn mìíràn wà tí ó jẹ́ pé owó ni wọ́n ń wò, tí wọ́n ní kí a ṣí i sílẹ̀ gbayawu, kí ẹni tí ó bá ti sanwó ẹnu ọ̀nà máa ṣe bí ó ti wù ú. Èmi kò bá ìhà kankan lọ nínú méjèèjì. Èrò tèmi ni pé kí àlejò wá, ṣùgbọ́n kí ó wá sọ́dọ̀ odò, kì í ṣe sọ́dọ̀ ère àti ijó nìkan.

Ìdí tí mo fi ní kí àlejò wá nìyí. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, igbó Ọ̀ṣun fẹ́rẹ̀ẹ́ parun. Wọ́n ń gé igi rẹ̀, wọ́n ń ṣọdẹ níbẹ̀, wọ́n ń pẹja nínú odò, ọ̀pọ̀ ojúbọ sì ti ń wó. Ọmọ onílẹ̀ wà nínú àwọn tí ó ń ṣe é. Obìnrin kan tí ó ti ilẹ̀ Austria wá, Susanne Wenger, tí a wá mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ni ó dúró ti àwọn olórìṣà àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú bí Adébísí Àkànjí, tí wọ́n tún ojúbọ mọ, tí wọ́n sì kọ ọ̀nà fún àwọn agégi. Ní ọdún 1965, ìjọba sọ ibẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 2005, UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ogún gbogbo àgbáyé. Igbó náà tó hẹ́kítà 75, ojúbọ inú rẹ̀ sì tó 40. Àdùnní papòdà ní ọdún 2009, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò bá a lọ. Bí a bá ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo àlejò nígbà náà, kí ni ì bá kù fún wa?

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí Ifá wí nínú Ọ̀ṣẹ́túrá. Irúnmọlẹ̀ mẹ́tàdínlógún ni Olódùmarè rán wá sí ayé. Mẹ́rìndínlógún jẹ́ ọkùnrin, Ọ̀ṣun nìkan ni obìnrin àárín wọn. Wọ́n la igbó, wọ́n ṣe ètò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọn kò sì pe Ọ̀ṣun sí i. Gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé ni ó dàrú. Òjò kọ̀, kò rọ̀; aboyún kò bí, àgàn kò rí ọmọ gbé pọ̀n. Nígbà tí wọ́n padà tọ Olódùmarè lọ, ó bi wọ́n bí wọ́n ń pe ẹnì kẹtàdínlógún wọn. Wọ́n ní àwọn kò pè é. Ó ní kí wọ́n padà lọ bẹ̀ ẹ́. Oyún wà nínú Ọ̀ṣun nígbà náà. Ó ní bí ọmọ inú òun bá jẹ́ ọkùnrin, òun yóò yọ̀ǹda rẹ̀ kí ó máa bá wọn ṣe. Ọkùnrin ni ó bí, òun ni Ọ̀ṣẹ́túrá, ayé sì tún gún.

Ẹ kíyè sí i pé àwọn mẹ́rìndínlógún yẹn kì í ṣe òpè. Wọ́n ní àṣẹ, wọ́n ní igbó, wọ́n ní ètò. Ẹni tí wọ́n fojú di ni ó sì mú ohun gbogbo dání. Mo ń rí irú rẹ̀ lónìí. A ní ẹnu ọ̀nà tí a ti ń gbowó, a ní afinimọ̀nà, a ní ọjọ́ ọdún tí èrò ń wọ́ tẹ̀lé Arugbá láti ààfin, tí àwọn ọmọ Ọ̀ṣun ń ti Bràsíl àti Kúbà wá, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Oxum àti Ochún. Ta ni a kò pè sí i? Odò fúnra rẹ̀ ni.

Ẹni tí ó bá dé etí omi láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn yóò rí i pé ó ti dà bí omi amọ̀. Àwọn tí ń wa wúrà láìgbàṣẹ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń hú etí odò, wọ́n ń fọ yẹ̀pẹ̀ wúrà nínú omi tí ń ṣàn wá bá wa, mẹ́kúrì tí wọ́n ń lò sì jẹ́ májèlé. Ìjọba ti kìlọ̀ fún àwọn tí ó wá ṣọdún pé kí wọ́n má mu omi náà. Ẹ ro ó wò: Ọ̀ṣun tí ó ń fi omi tútù wo ọmọ, òun ni a wá ń sọ pé kí ìyá má bu omi rẹ̀ fún ọmọ mu! Mo mọ̀ pé ebi ni ó lé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ débi wíwa wúrà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ra wúrà náà kò rí ebi rí. Idẹ ni Ọ̀ṣun ń lò. Kò rán ẹnikẹ́ni ní wúrà tí a ó fi omi rẹ̀ rà.

Ìtàn Òṣogbo fúnra rẹ̀ ti kọ́ wa ní ohun tí ó yẹ. Àìrómi ni ó lé Láróoyè àti Olútìmẹ́hìn kúrò ní Ìpólé. Nígbà tí wọ́n ń ṣán igbó létí odò, igi tí wọ́n gé wó sínú omi, ó fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun. Òrìṣà pariwo láti inú omi. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n sún kúrò létí omi lọ sí ibi gíga, wọ́n sì bá a mulẹ̀ pé àwọn yóò máa bọ ọ́, òun náà yóò sì máa dáàbò bò wọ́n. Láti inú májẹ̀mú yẹn ni oyè Àtáọ́ja ti jáde, ọba tí ó tẹ́wọ́ gba ẹja. Sísún sẹ́yìn ni a fi dá ìlú náà sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ti fọ́ ìkòkò onílé, kí òun náà sún sẹ́yìn.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ mú àwọn ọmọ lọ, ṣùgbọ́n ẹ wá ẹni tí ó mọ igbó kí ó bá yín rìn. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ Ifá, inú igbó ni ìdajì ẹ̀kọ́ wà. Ọ̀gá wa kì í jẹ́ kí a já ewé láìkí i, láìpe orúkọ rẹ̀, láìsọ ohun tí a fẹ́ fi ṣe. Ìwọ̀nba tí iṣẹ́ gbà sì ni a ń já. Ẹni tí kò mọ rinrin yàtọ̀ sí ọ̀dúndún, tí kò mọ akòko yàtọ̀ sí pèrègún, ewéko lásán ni yóò rí láti ẹnu ọ̀nà dé etí omi. Ẹ má pẹja, ẹ má gé ẹ̀ka, ẹ má da ọ̀rá omi àti ike sílẹ̀. Bí ìyá kan bá kúnlẹ̀ níbi ojúbọ, ẹ má na fóònù sí i lójú. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ ná.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìrìn náà parí síbẹ̀. Ìgèdè-Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti sun wá. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n rí i bí omi náà ti rí kí ọwọ́ ènìyàn tó bà á jẹ́. Ẹni tí ó bá ti rí méjèèjì kò ní dákẹ́ mọ́. Àwọn tí ń gbowó ẹnu ọ̀nà ní láti sọ fún wa èyí tí ó ń padà sọ́dọ̀ odò nínú owó náà. Kí àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ àti ti àpapọ̀ sì mú ẹni tí ń ra wúrà, kì í ṣe ọmọ tí ń gbẹ́lẹ̀ nìkan. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Àwa tí a ń mu odò náà ni a ń fẹ́ gbàgbé.

Ọ̀ṣun kò ní bínú sí wa. Omi rẹ̀ yóò tòrò lójú wa. Kí Ifá ó gbè wá o.