"Yọ Ọ́ Dànù" Kì Í Ṣe Àtúnṣe

Ẹ fìdí mọ́lẹ̀, thread gígùn ni o. Inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi pẹ̀tù sí i lónìí.

Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì lápá ọ̀dọ̀ wa níbí, láti Papalanto dé Ìtòrí dé Abẹ́òkúta, gbólóhùn kan wà tí kò ní pẹ́ tí ẹ máa gbọ́: "Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ dànù." Thermostat ńkọ́? Yọ ọ́ dànù, ilẹ̀ wa ti gbóná tẹ́lẹ̀. Catalyst? Gé e kúrò. Iná check engine tàn? Yọ gílóòbù ẹ̀. Wọ́n wá dé orí supercharger tèmi, ọ̀rọ̀ kan náà. Ibẹ̀ ni mo ti ní rárá.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: ṣé ẹ ti rí Benz tí wọ́n kọ "Kompressor" sí lẹ́yìn rí? Kò kan A/C o. (Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín rò bẹ́ẹ̀, èmi náà rò bẹ́ẹ̀ rí.) Supercharger ni wọ́n ń wí. Ẹwìrì ni, ẹwìrì alágbẹ̀dẹ gan-an. Fẹ́ afẹ́fẹ́ sí iná, iná á ràn sí i. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀ ló ń fi bẹ́líìtì yí ẹwìrì tiẹ̀. Ọmọ ìyá méjì kan, Philander àti Francis Roots, ní Indiana l'Amẹ́ríkà, ló gba ìwé àṣẹ lórí irú ẹ̀ ní 1860, nígbà tí kò tíì sí mọ́tò rárá. Ìléru tí wọ́n fi ń yọ́ irin ni wọ́n ń lò ó fún. Ní 1921 ni Mercedes gbé e sórí mọ́tò.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní nǹkan yìí "ti le jù fún Papalanto", ẹ bi í bóyá ó mọ ibi tó ń gbé. Ilé iṣẹ́ mànàmáná Ọlọ́runṣògo wà níbí, turbine gáàsì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kí ni turbine gáàsì máa ń kọ́kọ́ ṣe? Ó ń kó afẹ́fẹ́ pọ̀, ó ń fún un mọ́ra, kó tó fi iná sí i. Mi ò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni débẹ̀ kó ní kí wọ́n yọ kọ̀mpírẹ́sọ̀ ẹ̀ dànù.

Ó dáa. Mọ́tò tèmi. Mo jó páìpù irin pọ̀ di férémù lẹ́yìn ilé wa. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀, ti Camry Big Daddy ni, 2AZ-FE, lítà 2.4, Ládípọ̀ ni mo ti rà á. Supercharger ẹ̀, ara Benz Kompressor kan tó ti gbó ni mo ti tú u, Eaton M62. Àwọn kan ti ń pariwo pé ẹ́ńjìnnì Camry ò lè gbé e. Toyota fúnra wọn, lábẹ́ TRD, ta supercharger fún Scion tC l'Amẹ́ríkà, 2AZ-FE kan náà ló sì wà nínú Scion yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kà á kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Mi ò kàn gbé e lé e lórí o. Mo ṣírò. Ẹ́ńjìnnì lítà 2.4 ń mu afẹ́fẹ́ bíi lítà 1.2 ní ìyípo kan. M62 ń fẹ́ bíi lítà kan ní ìyípo tiẹ̀. Tí mo bá wá fẹ́ 6 psi, púlì ẹ̀ gbọ́dọ̀ yí ju ẹ́ńjìnnì lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 1.7. Injector ńlá wà níbẹ̀, a sì ti fi laptop fa timing sẹ́yìn kó tó jáde nílé. Pọ́ǹpù epo nìkan ló jẹ́ tokunbo, torí owó ti tán lọ́wọ́ mi. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ó ń fò. Ọjọ́ kan báyìí lójú ọ̀nà Ìlaròó, mo fẹ́ ya tírélà kan sílẹ̀, ni ẹ́ńjìnnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́, kẹ̀kẹ̀kẹ̀, bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Agbára ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ kan sì ń bọ̀ níwájú. Mi ò mọ bí mo ṣe padà sẹ́yìn tírélà yẹn. Nígbà tí ọkàn mi balẹ̀ tí mo wo géèjì, 3 ló wà dípò 6.

Mẹkáníìkì mẹ́ta ló wò ó. Ẹni àkọ́kọ́ gbọ́ ọ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. "Àbúrò, nǹkan òyìnbó yìí fẹ́ pa ẹ́ńjìnnì ẹ. Yọ ọ́ dànù." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ ò tíì fi nǹkan kan wọ̀n ọ́n." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Etí mi ni géèjì." Ẹnìkejì ní brain box ni. Ẹnìkẹta pààrọ̀ plug mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gbowó, kò lọ, ó wá ní ká yọ ọ́ dànù.

Ẹ wò ó, àfèèrò ni wọ́n ń ṣe, owó wa sì ni wọ́n fi ń ṣe é. Tó bá bọ́ sí i, wọ́n mọ iṣẹ́. Tí kò bá bọ́ sí i, ọkọ̀ ẹ ló ní wàhálà.

Ẹ wá wo vulcanizer ìkóríta wa. Tí táyà bá ń jò, ṣé ó máa ń ní kí ẹ sọ táyà nù? Ó máa fẹ́ ẹ, ó máa ti í bọ omi, ó máa wo ibi tó ti ń hó. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo lọ. Mo dí ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ó fẹ́ ìwọ̀nba atẹ́gùn sí i, mo fi búrọ́ọ̀ṣì pa omi ọṣẹ yí gbogbo róbà ká. Kíá, ọṣẹ ń hó lábẹ́ róbà tó so supercharger mọ́ ẹ́ńjìnnì. Clip ẹ̀ ti tú. Mo fún un le, 6 padà wá.

Àmọ́ kíkọ́ yẹn wá burú sí i. Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń ní "mo sọ fún ẹ". Ẹ fara balẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú ayé ń tẹ̀ wá ní nǹkan bíi 14.7 psi. Fi 6 kún un, afẹ́fẹ́ ti lé ní bíi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, epo náà gbọ́dọ̀ lé bẹ́ẹ̀. Tí epo ò bá tẹ̀ lé e, iná inú ẹ̀ á gbóná jù, yóò máa kọ́, tó bá yá piston á yọ́. Jíjò yẹn ló ń bo àìsàn kejì mọ́lẹ̀. Mo tú plug, funfun bí ẹfun. Mo so géèjì epo mọ́ gíláàsì iwájú láti ìta, kí epo má baà jò sínú ọkọ̀. Lórí ìdúró, 45, bó ṣe yẹ. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó já sí 30. Pọ́ǹpù tokunbo yẹn ni. Mo ra tuntun, ó tán. Ó ti ń lọ láti ìgbà yẹn.

Ẹni tó bá ní ó ń mu epo, òótọ́ díẹ̀ ni. Tí ẹ bá rọra ń lọ, bypass valve ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ yí padà, kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ epo. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á mu. Epo sì wọ́n, mo mọ̀. Subsidy náà, yọ ọ́ dànù ni wọ́n ṣe fún un ní May 2023.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí app yìí náà, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ní 2014, Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, akẹ́kọ̀ọ́ OAU ní Ifẹ̀, sọ Beetle di ọkọ̀ tó ń fi oòrùn àti afẹ́fẹ́ rìn. Fọ́tò ẹ̀ ni gbogbo wa mọ̀. Èló nínú wa ló bi í bí férémù Beetle ṣe gbé bátìrì? Tí ẹnikẹ́ni bá gbé mọ́tò tó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe síbí, ẹ máa pariwo "Naija no dey carry last", ó parí. Tó bá kọ́ lọ́la, ẹ̀yin náà lẹ máa fi ṣe skit.

Ọmọkùnrin kan wà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn. Ó wá bá mi lálẹ́, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ n rí nǹkan tẹ́ ẹ so mọ́ gíláàsì yẹn." Ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ ló ti fi kọ́ṣẹ́, kò di géèjì epo mú rí. Bẹ́ẹ̀ owó plug tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi lásán yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ rà á. Mo ní kó mú un lọ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ọjọ́ kejì ló dá a padà. Ó ní ọ̀gá òun ní kí òun gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, pé àwọn oníbàárà á máa rò pé àwọn ò mọ iṣẹ́. Freedom ẹ̀ ku oṣù mẹ́fà.