Ọ̀dà Kọ́ Ni Ẹ̀rọ

Ẹ̀yin ará Banikanni, èbúté Kútọnu ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ń gbà wọlé kí wọ́n tó gòkè dé Parakou. Owó àjọ ọdún púpọ̀ ni ẹlòmíràn fi ń ra ọ̀kan. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀dà tí ń dán tàn yín jẹ.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè carte grise. Kí orúkọ orí rẹ̀ jẹ́ ti olùtajà, kí lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 tí a tẹ̀ sára irin ọkọ̀ sì bá ti inú ìwé mu. Bí ẹyọ kan bá yàtọ̀, ẹ padà sílé: ẹni tí ó bá ra ẹrù olè lè pàdánù owó àti ọkọ̀.

Òwúrọ̀ ni kí ẹ lọ, nígbà tí ẹ̀rọ ṣì tutù. Bí ó bá ti gbóná kí ẹ tó dé, ẹ béèrè ìdí rẹ̀. Èéfín aláwọ̀ búlúù fi hàn pé ọ́ìlì ń jó. Bí ọ́ìlì bá sì funfun bí ògì, ó ṣeé ṣe kí omi ti wọ inú rẹ̀.

Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín dání, kì í ṣe ti olùtajà. Owó iṣẹ́ rẹ̀ kéré sí àbámọ̀.