Tábúlẹ́ẹ̀tì Lọ́wọ́ Akẹ́kọ̀ọ́

Ohun pẹlẹbẹ tí a ń ti ara rẹ̀ kọ́gbọ́n kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Kí ìwé títẹ̀ tó dé ni babaláwo ti ń fi ìka tẹ odù sínú ìyẹ̀rosùn lójú ọpọ́n. Ọmọ ilé kéú ń kọ súrà sára wàláà, a há a sórí, a fi omi fọ̀ ọ́ kúrò, a sì tún kọ òmíràn. Nígbà tí àwọn oníwàásù dá ilé ìwé sílẹ̀, síléètì ni ọmọ ń gbé há abíyá lọ síbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, bẹ̀rẹ̀ sí í pín tábúlẹ́ẹ̀tì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì àgbà nílé ẹ̀kọ́ girama ní ọdún 2013, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Ọpọ́n Ìmọ̀, orúkọ náà bá a mu rẹ́gí.

Ìwé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ 17 ni wọ́n kó sínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìbéèrè tí WAEC, NECO àti JAMB ti ṣe kọjá. Kò sì di ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà kí ọmọ tó lè ṣí i kà. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lágbára àtira ìwé mẹ́ta di ẹni tí ó ń gbé odindi àká ìwé kiri. Ẹni tí ó bá pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ìranù kò tíì fi ìwé àyálò kàwé ìdánwò rí.

Ṣùgbọ́n ọpọ́n kì í dá Ifá fúnra rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìjọba ti ń ṣìnà nìyí: wọn a ra ẹ̀rọ, wọn a pín in, wọn a ya àwòrán, wọn a sì máa retí kí ìmọ̀ jáde láti inú rẹ̀ bí omi inú ẹ̀rọ. Ìjọba orílẹ̀-èdè Peru ra kọ̀ǹpútà kékeré tí ó ju 800,000 lọ fún àwọn ọmọ ilé ìwé wọn. Nígbà tí àwọn olùwádìí gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde ní ọdún 2012, wọn kò rí i pé àwọn ọmọ tí ó gbà á mọ ìṣirò tàbí èdè kíkà ju àwọn tí kò rí gbà lọ. Ní Los Angeles, ní Amẹ́ríkà, wọ́n pín iPad ní ọdún 2013. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi já títì tí wọ́n fi tì í, tí wọ́n sì gba orí Facebook lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin náà ìbá já a!

Èrò tèmi ni pé ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ ti ní lọ́wọ́ ni kí a kọ́kọ́ wò, kí a wá ibi tí ó ti nira fún ọmọ, kí a sì mú ẹ̀rọ wá síbẹ̀ nìkan. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀kọ́ àmì ohùn nínú iṣẹ́ Yorùbá ṣe àpẹẹrẹ. Olùkọ́ kọ igba, igbá, ìgbà àti igbà sára pátákó. Ọ̀kan jẹ́ iye, ọ̀kan jẹ́ ohun èlò, ọ̀kan jẹ́ àkókò, ọ̀kan sì jẹ́ okùn tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Ogójì ọmọ pariwo tẹ̀ lé e. Èyí tí ó wà lẹ́yìn pátápátá kàn ń la ẹnu ni. Olùkọ́ kò sì lè mọ̀. Bí ọmọ méjì bá ní tábúlẹ́ẹ̀tì kan láàárín ara wọn, ọ̀kan yóò pe ọ̀rọ̀ náà sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, èkejì yóò gbọ́ ọ, yóò sì kọ àmì tí etí rẹ̀ gbọ́ sórí ìwé. Wọn yóò tún un gbọ́. Wọn yóò jiyàn. Ẹ̀rọ kò lè sọ ẹni tí ó jàre nínú wọn, olùkọ́ ni yóò dá a. Ìjiyàn yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́, kò sì sí bí pátákó nìkan ṣe lè dá a sílẹ̀ ní ogún ibi lẹ́ẹ̀kan náà.

Bákan náà ni ó rí nínú ìṣirò. Áàpù kan wà tí a ń pè ní GeoGebra, tí Markus Hohenwarter, ọmọ ilẹ̀ Austria, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2001; ọ̀fẹ́ ni. Bí olùkọ́ bá ń kọ́ni ní y = mx + c, ọmọ lè fi ìka fa m síwá sẹ́yìn, kí ó máa wo bí ìlà náà ṣe ń ga tí ó sì ń dà gẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀ n óò kọ́kọ́ ní kí ó fi rúlà fa ìlà méjì tàbí mẹ́ta sórí ìwé gíráàfù. Ẹni tí kò tíì fa ọ̀kan rí, eré ni yóò ka ìyókù sí.

Ẹnìkan yóò wí pé iná kò sí, owó kò sì tó. Òtítọ́ ni. Ìdí rẹ̀ nìyí tí n kò fi gbà pé dandan ni kí a kọ́kọ́ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ogún tábúlẹ́ẹ̀tì tí ó wà nínú àpótí kan ní ọ́fíìsì, tí a ń fi iná oòrùn sí, tí olùkọ́ ń gbé wá sí kíláàsì fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, sàn ju igba tí ó ti kú sábẹ́ ibùsùn lọ. Ohun tí a óò pàdánù níbẹ̀ ni ìwé tí ọmọ ìbá máa kà nílé lálẹ́, àdánù náà kò sì kéré. Bí owó bá ti pọ̀ sí i, kí a dá èyí padà fún un kíákíá.

Ẹni tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gba tábúlẹ́ẹ̀tì ni olùkọ́. Kí ó lò ó fún odindi sáà kan kí ọmọ kankan tó fọwọ́ kàn án, kí ó fi í múra iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó mọ èyí tí ó wúlò nínú rẹ̀ àti èyí tí kò wúlò. Bí sáà bá parí tí ó ní fún ẹ̀kọ́ báyìí òun kò nílò rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì tó òun, kí a gbà fún un.