Àjà Òkè Ilé Ọkọ̀: Ká Ro Iná Ká Tó Ro Ooru

Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti dé, ilé onípáànù a di ààrò. Ìdí nìyí tí àwọn òbí wa fi máa ń bi wá, bí a bá wálé ìsinmi, pé kí ni kí àwọn fi sábẹ́ òrùlé. Ní ìlú àgbẹ̀ bíi Arimogija, ìbéèrè náà tún le sí i níbi tí ọkọ̀, ọ̀kadà àti kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù bá wà nísàlẹ̀, tí àgbàdo, ẹ̀wà àti àpò kòkó sì wà lókè. Èrò tiwa ni pé iná ló yẹ ká kọ́kọ́ rò, ká tó ro ooru.

Àwọn baba ńlá wa ti yanjú ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n to igi líle lé ògiri, wọ́n sì fi amọ̀ rẹ́ ẹ nípọn. Òun là ń pè ní àjà. Bí koríko òrùlé bá gbiná, amọ̀ náà ni kì í jẹ́ kí iná tètè já sínú yàrá. Lọ́sàn-án, kì í tètè jẹ́ kí ooru wọlé. Lónìí, ìsàlẹ̀ ni ewu ti ń bọ̀, ṣùgbọ́n amọ̀ kò yí ìwà padà: kì í jóná.

Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí ńkọ́? Ó fúyẹ́, ó sì ń dí ooru, torí afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àmọ́ ó ń jó, èéfín rẹ̀ sì burú. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2017, èèyàn 72 ló kú nínú iná Grenfell Tower ní Lọ́ńdọ̀nù. Ike inú pátákó tí wọ́n fi bo ara ilé ni iná náà gùn lọ sókè, fóòmù ẹ̀yìn rẹ̀ sì kún un. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ níbi tí panápaná pọ̀ sí, kí la fẹ́ sọ nípa tiwa?

Ẹ jẹ́ ká pín iṣẹ́ náà sí méjì. Òkè ni oòrùn ti ń wá, nítorí náà abẹ́ páànù ni ìdènà ooru yẹ kó wà. Bébà alumíníọ̀mù tó ń dán á dín ooru náà kù, bí àlàfo bá wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tówó rẹ̀ bá ká a lè lo òwú gíláàsì tàbí òwú òkúta, tí kì í jó bíi fóòmù. Àmọ́ afẹ́fẹ́ inú òwú ló ń ṣiṣẹ́. Bí a bá gbé àpò àgbàdo lé e, ó tẹ̀, agbára rẹ̀ sì dín kù. Ní Bìrìtìkó, nǹkan bíi 270 mìlímítà ni wọ́n ní kó nípọn tó, wọ́n sì máa ń gbé pákó ẹrù lé ẹsẹ̀ kó má baà tẹ̀ ẹ́.

Ní ti sílìǹ ilé ọkọ̀ fúnra rẹ̀, amọ̀, sìmẹ́ǹtì tàbí pátákó gypsum ni kí a lò, kí a sì dí gbogbo ihò rẹ̀. Èéfín ọkọ̀ tún ń gba ihò gòkè, ó sì lè pa ẹni tó sùn lókè. Ìta ni kí jẹnẹrétọ̀ máa ti ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ sílìǹ asbestos àtijọ́ ló wà níbẹ̀, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má gé e: Àjọ Elétò Ìlera Lágbàáyé ti sọ pé gbogbo irú rẹ̀ ló ń fa jẹjẹrẹ.

Àwọn kan á ní amọ̀ ti di ohun àtijọ́, pé ó wúwo. Lóòótọ́ ló wúwo. Kí káfíńtà kọ́kọ́ yẹ igi wò bóyá ikán ti jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ohun àtijọ́ kọ́ ni ohun tí kò dára. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ilé àgbẹ̀ tó bá jó ní tiẹ̀, irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ ló bá a lọ, owó ilé-ìwé wa sì wà nínú rẹ̀.