Bí Àpótí Àṣàyàn Kò Bá Ṣí, Ẹ Má Sọ Pé Ẹ Kò Mọ̀wé

Ìwé kíkà kò mọ sórí bébà mọ́. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ni a ń kọ lórí kọ̀ǹpútà nísinsìnyí, nínú ètò ìkọ̀wé tí ń jẹ́ Word. Nínú irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀, a máa ń rí àpótí kékeré kan. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, àkójọ ọ̀rọ̀ á ṣí sísàlẹ̀, a ó sì mú ọ̀kan nínú wọn. Èdè Faransé ń pè é ní «liste déroulante». Àwa yóò pè é ní àpótí àṣàyàn.

Àpótí yìí ti dá ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà dúró. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí, kò ṣí. Wọ́n gbà pé ìwé àwọn kò tó, wọ́n sì gbé fọ́ọ̀mù fún ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tún ń fi ọ̀rọ̀ ara wọn sọ́wọ́ ẹni ẹlẹ́ni, bí ìgbà tí wọn kò tíì kàwé. A fẹ́ sọ ọ́ gbangba: lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹni tó ń kà á.

Ẹ kọ́kọ́ wo òkè ojú ìwé. Bí ìwé náà bá ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá, Word lè ṣí i fún kíkà nìkan. Ìlà fífẹ̀ kan á hàn lókè pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí: «Activer la modification». Àyàfi tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, àpótí kankan kò ní ṣí. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá mọ ẹni tó fi ìwé náà ránṣẹ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ọ̀rọ̀ aláwọ̀ eérú yìí: «Choisissez un élément». Ibẹ̀ ni àpótí wà, ṣùgbọ́n ọfà rẹ̀ fara pamọ́. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà, ọfà á yọ lápá ọ̀tún. Ẹ wá tẹ ọfà gan-an. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ láìmú ohunkóhun, ọ̀rọ̀ eérú náà ni yóò jáde lórí bébà bí ìdáhùn yín.

Irú àpótí àtijọ́ kan tún wà. Ìgbà tí ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù bá ti tì í, kí a lè máa kọ ìdáhùn nìkan sí i, ni àpótí náà tó ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá gbàgbé láti tì í, kò sí bí ẹ ṣe lè tẹ̀ ẹ́ tí yóò ṣí. Ẹ dá fọ́ọ̀mù padà fún un, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ rí. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ó kan ẹ̀yin tí ń ṣe fọ́ọ̀mù fún ará ìlú. Àpótí àtijọ́ yìí kì í gbà ju orúkọ 25 lọ. Kọ́múùnù 77 ló sì wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa. Ẹni tó bá tò wọ́n sínú rẹ̀ ní a-b-d, àpótí yóò ti kún kí ó tó kan Kétou, Porto-Novo tàbí Savè. Kí ni ará Kétu yóò mú nígbà náà? Ṣé kí ó mú ìlú onílùú ni? Láti ọdún 2007 ni àpótí tuntun ti wà nínú Word, èyí tó ń gba orúkọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yà rẹ̀ kan tilẹ̀ gbà kí ènìyàn fúnra rẹ̀ kọ ìdáhùn tí kò sí nínú àkójọ. Ẹ lò ó.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé ẹni tó kọ́ ìwé ní èdè Yorùbá yóò wá Àjàṣẹ́ lábẹ́ A, nígbà tí fọ́ọ̀mù ti kọ ọ́ ní Porto-Novo. Kí ló dé tí a kò fi lè kọ orúkọ méjèèjì papọ̀?

Kí fọ́ọ̀mù tó jáde, ẹ pe ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà. Ẹ jẹ́ kí ó kọ ọ́ lójú yín. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dúró, ibẹ̀ ni kí ẹ tún ṣe.