Oúnjẹ Àlejò ní Àfonífojì Baliem

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Abájọ tí ibi tí yóò ti jẹun fi máa ń jẹ arìnrìn-àjò lógún kí ó tó bèèrè ohunkóhun mìíràn. Ní àfonífojì Baliem, láàárín àwọn òkè Papua ní ilẹ̀ Indonesia, ìbéèrè yìí ju ọ̀rọ̀ ikùn lọ. Ibi tí àlejò bá jókòó sí jẹun ni yóò sọ ẹni tí owó rẹ̀ yóò dé ọwọ́ rẹ̀, àti irú ojú tí ó fi wo àwọn onílé.

Àfonífojì náà fi nǹkan bí 1,600 mítà ga ju ìtẹ́jú òkun lọ. Àwọn Dani, tí à ń pè ní Hubula pẹ̀lú, ni wọ́n ni ín. Nígbà tí ọkọ̀ òfurufú Richard Archbold, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fò kọjá lórí ibẹ̀ ní ọdún 1938, oko tó lọ salalu ni àwọn tó wà nínú rẹ̀ rí, tí a gbẹ́ yàrà omi yí ká. Ọ̀dùnkún ló wà nínú oko náà, òun náà sì ni olórí oúnjẹ wọn títí di òní. Hipere ni wọ́n ń pè é. Bí àgbẹ̀ Yorùbá ṣe mọ iṣu tó dára fún iyán yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń se àsáró, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin Dani mọ ọ̀dùnkún tó yẹ ọmọdé, èyí tó yẹ àsè, àti èyí tí a fi ń bọ́ ẹlẹ́dẹ̀.

Ìlú Wamena ni àlejò kọ́kọ́ ń bà sí. Ilé oúnjẹ wà níbẹ̀, àwọn búkà kéékèèké tí wọ́n ń pè ní warung sì wà pẹ̀lú. Ìrẹsì, adìẹ díndín àti ata lílọ̀ ni wọ́n sábà máa ń tà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ni wọ́n jẹ́ àtìpó láti Sulawesi, Java àti Sumatra. Ọkọ̀ òfurufú ló ń kó púpọ̀ nínú ìrẹsì àti epo tí wọ́n fi ń dáná wá láti etíkun, ìdí nìyí tí oúnjẹ fi wọ́n níbẹ̀. Ní ọjà Jibama ẹ̀wẹ̀, àwọn obìnrin Dani ń gbé ọ̀dùnkún àti ẹ̀fọ́ wá nínú noken, àpò tí wọ́n fi okùn hun tí wọ́n sì ń fi orí kọ́. Ohun tó burú ni pé àlejò lè lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko láàárín oko wọ̀nyí kí ó má tọ́ ohun tó hù nínú wọn wò.

Àwọn kan yóò sọ pé inú àlejò kò gba oúnjẹ àjèjì. Ṣùgbọ́n ọ̀dùnkún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú iná, tí a bó èèpo rẹ̀, kò ní ewu ju ìrẹsì àná tí a tún gbé kaná lọ. Àwọn mìíràn yóò sọ pé irú ọ̀rọ̀ báyìí lè dá ìkórìíra sílẹ̀ sí àwọn àtìpó. Ìbẹ̀rù yìí ní ìdí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Wamena; ó lé ní 30 ènìyàn tó kú, wọ́n dáná sun ṣọ́ọ̀bù, ọ̀pọ̀ àtìpó sì sá lọ. Kò sí ẹni tí ó yẹ kó sọ pé kí àlejò yẹra fún ilé oúnjẹ àtìpó. Iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Ohun tó tọ́ ni kí àlejò jẹun níbẹ̀, kí ó sì tún ná owó lọ́dọ̀ ìyá tó jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ọjà. Kí ó bi oníbúkà bóyá ó ní ẹ̀fọ́ àfonífojì, tàbí edé odò tí wọ́n ń pè ní udang selingkuh. Ẹ̀fẹ̀ ni orúkọ yìí: ara edé ló ní, ọwọ́ akàn ló wà lára rẹ̀, ni wọ́n bá ní edé ló yan akàn lálè.

Bí àlejò bá jáde sí abúlé, ó tún kan bakar batu. Wọn a gbẹ́ kòtò, wọn a fi koríko tẹ́ ẹ, wọn a fi ẹ̀mú igi kó òkúta gbígbóná sí i, wọn a wá to ọ̀dùnkún, ewé àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lé e, wọn a sì bò ó kí ó lè jinná. Oúnjẹ ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìparí ìjà ni. Àwọn Dani tó jẹ́ Mùsùlùmí ní Walesi máa ń fi adìẹ ṣe tiwọn, nítorí náà ẹ̀sìn kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti bá wọn jókòó. Abúlé mìíràn máa ń sè é fún àlejò tó bá sanwó ẹlẹ́dẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn, bí ó bá jẹ́ pé àwọn ará abúlé ló dá iye owó náà, tí àlejò sì bá wọn jẹ ẹ́. Ẹni tó ya fọ́tò tán tó sì kọ oúnjẹ sílẹ̀ ti sọ àsè ẹlẹ́sè di eré orí ìtàgé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọdé àfonífojì náà ju àlejò lọ. Ìrẹsì ti di oúnjẹ ọlá lójú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí ọmọ bá ń rí i lójoojúmọ́ pé ìrẹsì nìkan ni àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá ń sanwó fún, yóò gbà pé oúnjẹ òtòṣì ni ohun tí ìyá òun ń wà nínú ebè. Àlejò tó bá jókòó ti iná nínú honai, ilé roboto wọn, tó jẹ hipere, tó sì san owó tó yẹ, ti kọ́ ọmọ náà ní ẹ̀kọ́ mìíràn.