Ta Ni Yóò Mu Níbẹ̀?

Ẹ̀yin ará mi nínú Kristi, bí ẹ bá gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀, kí ẹ tó dé Ìkirè, ẹ óò rí omi ńlá Aṣejire, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀ṣun. Owó kékeré kọ́ ló bá iṣẹ́ náà lọ. Ṣùgbọ́n wọn kò sé odò náà kí wọ́n lè máa wo ẹwà rẹ̀. Wọ́n fa páìpù sí i kí àwọn ará Ìbàdàn lè rí omi mu.

Omi yìí ló wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo gbọ́ ìtàn Francis Ford Coppola, àgbà olùdarí fíìmù ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó ṣe The Godfather ní 1972. Ẹni ọdún 85 ni nígbà tí Megalopolis jáde ní 2024. Ó ti lé ní 40 ọdún tí ó ti ń ro iṣẹ́ náà. Òwò wáìnì rẹ̀ ni ó fi wá owó rẹ̀, nǹkan bí mílíọ̀nù 120 dọ́là. Ìtàn ẹni tí ó fẹ́ tún odindi ìlú kọ́ ni. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní Cannes, ènìyàn gidi kan dìde níwájú ògiri àwòrán, ó sì bá ẹni inú fíìmù sọ̀rọ̀! Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ òǹwòran kò mọ ibi tí ìtàn náà ń lọ. Owó tí ó wọlé kárí ayé kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 14 lọ.

Ẹ má fi í ṣe ẹlẹ́yà. Owó ara rẹ̀ ni ó ná. Baba mìíràn nínú wa a máa gbé owó ilé-ìwé ọmọ sínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò ní parí. Bí ìyàwó bá bèèrè, a ní ìran ni Ọlọ́run fi han òun. Ìjọ mìíràn ń kọ́ gbọ̀ngàn ńlá, opó inú rẹ̀ kò sì rí oúnjẹ jẹ.

Kì í sì í ṣe gbogbo àdánù ni àìgbọ́n. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá ọmọ Iléṣà, fi owó ńlá ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982. Àwọn ènìyàn fẹ́ iṣẹ́ náà. Àwọn olè tí ó ṣe àdàkọ rẹ̀ ni wọ́n tì í sínú gbèsè. Ẹni tí olè jà yàtọ̀ sí ẹni tí kò bèèrè bóyá òùngbẹ ń gbẹ ẹnikẹ́ni.

Nínú Lúùkù 14, ẹsẹ 28 sí 30, Olúwa wa ní kí ẹni tí yóò kọ́ ilé ìṣọ́ kọ́kọ́ jókòó ṣírò iye tí yóò ná an. Coppola rí owó parí tirẹ̀. Ìṣirò owó nìkan kò tó, ẹ̀yin ará. Ẹ ṣírò àwọn tí yóò jẹ àǹfààní rẹ̀ pẹ̀lú.

Bí Ọlọ́run bá fi iṣẹ́ ńlá sí yín lọ́kàn, ẹ ṣe é, bí ọjọ́ orí tilẹ̀ ti lọ. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ẹ pe aya, ẹ pe ọmọ, ẹ pe ẹni tí kò bẹ̀rù láti bá yín wí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bi yín pé: ta ni yóò mu níbẹ̀?

Kí Olúwa fún wa ní etí tí ń gbọ́ ìmọ̀ràn. Àmín.